Orúkọ Ni Wọ́n Ń Rà, Kì Í Ṣe Ajá

Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Ìlú Ọba ti ń fa ọ̀rọ̀ kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́, títí di òní wọn kò sì tíì fà á tán. Ọ̀rọ̀ ajá ni. Àwọn kan ní irú ajá kan wà tí kò yẹ kí ọmọ ènìyàn máa sìn sínú ilé, pé láti inú ìyá wọn ni wọ́n ti ya apànìyàn wá. Àwọn kejì ní irọ́ gbuu ni, pé kò sí ajá tó burú, àfi ẹni tó ni ín. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2024, òfin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní England àti Wales pé ẹni tó bá ní irú ajá tí wọ́n ń pè ní XL Bully láìgba ìwé àṣẹ ti rú òfin. Ẹni tó bá fẹ́ ìwé àṣẹ nígbà náà yóò san £92.40, yóò gba ìwé ìbánigbófò, wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún ajá náà kó má baà lè bímọ mọ́, wọn yóò sì fi ẹ̀rọ tín-ín-tín tó ní nọ́ńbà sábẹ́ awọ rẹ̀. Bó bá sì fẹ́ mú un jáde, okùn gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, ohun ìdínu gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Ajá tí wọ́n gba irú ìwé yìí fún lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò ti máa sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni èyí, kí ló kàn wá ńbẹ̀? Ó kàn wá o. Kí òyìnbó tó máa bẹ̀rù ajá ara rẹ̀ ló ti ń lo orúkọ ajá láti fi dẹ́rù ba ẹlòmíràn, ọmọ Yorùbá sì wà lára àwọn tó jẹ ìyà náà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi London sílẹ̀ ná, kí a kọjá sí erékùṣù Cuba.

Ilẹ̀ ìrèké ni Cuba láyé ọjọ́un. Ní nǹkan bí ọdún 1830 sókè, nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ti ń tú, tí ogun ń jà káàkiri, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn èèyàn wa ni wọ́n kó gba etí òkun lọ sí ibẹ̀. Lukumí ni wọ́n ń pè wọ́n, àwọn kan sì sọ pé láti inú "olùkù mi" ni orúkọ náà ti wá. Ẹrú tí ara rẹ̀ kò bá gba ìyà oko ìrèké mọ́, igbó àti orí òkè ló ń sá gbà lọ. Àwọn Sípéènì wá ní àwọn ọdẹ tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n máa wá irú àwọn ìsáǹsá bẹ́ẹ̀ rí lọ. Rancheador ni wọ́n ń pè wọ́n, ajá sì ni irinṣẹ́ wọn: ajá ńlá, alágbára, tí wọ́n ti fi kọ́ láti kékeré pé òórùn ènìyàn dúdú ni kó máa tọ̀. Ṣé ẹ rí i, ajá ọdẹ tiwa náà ń tọpasẹ̀, ṣùgbọ́n ẹtu àti òkété ló ń lé.

Òkìkí ajá Cuba yìí ti kàn kó tó di pé ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa débẹ̀. Àní ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ní ọdún 1795, àwọn Maroon ti Trelawny Town ní Jamaica, ìyẹn àwọn ọmọ ìsáǹsá ẹrú tí wọ́n ti dá ìlú tiwọn sílẹ̀ lórí òkè, gbé ìjà ko ìjọba. Ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì lé wọn títí, apá kò ká a, nítorí pé àwọn òkè ibẹ̀ le, àwọn tó ń gbé orí wọn ló sì mọ ọ̀nà. Ni wọ́n bá rán ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Quarrell lọ sí Cuba. Nígbà tó máa fi padà dé ní oṣù Kejìlá, ogójì ọdẹ ló kó bọ̀, pẹ̀lú ajá bí ọgọ́rùn-ún. Ọ̀gágun Walpole lọ yẹ̀ wọ́n wò. Wọ́n yìnbọn láti fi dán àwọn ajá náà wò, ni gbogbo wọn bá ya síwájú gìrọ́gìrọ́, tí wọ́n ń wọ́ àwọn tó dì wọ́n lókùn mú tuurutu. Kíá ni ọ̀gágun sá padà sínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin rẹ̀, ó sì ku díẹ̀ kí wọ́n bo àwọn ẹṣin náà mọ́lẹ̀.

Ìròyìn ọ̀hún gòkè lọ bá àwọn Maroon. Ẹ kíyè sí i dáadáa: ìròyìn ló gòkè, kì í ṣe ajá. Wọn kò tú àwọn ajá náà sí wọn lójú ogun rárá. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin tí ìbọn kò lè mú wọ̀lẹ̀, orúkọ ajá mú wọn wọ̀lẹ̀. Walpole ti ṣèlérí fún wọn pé ẹnikẹ́ni kò ní lé wọn kúrò ní Jamaica. Gómìnà Balcarres yẹ àdéhùn. Ní ọdún 1796, ó kó wọn sọ́kọ̀ lọ sí Nova Scotia, níbi tí yìnyín ti ń já lu ni lórí, kó tó di pé wọ́n kó wọn kọjá sí Freetown ní ọdún 1800. (Freetown yìí kan náà ni wọ́n gbé ọmọdé Àjàyí tó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther lọ ní ọdún 1822.) Àwọn aṣòfin Jamaica ní àwọn fẹ́ fi idà ta Walpole lọ́rẹ. Ó kọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London. Ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Macleod dìde ní ọdún 1796, ó ní ìtìjú gbáà ni kí ìjọba máa fi ajá dọdẹ ènìyàn. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kà, èyí ni àríyànjiyàn ajá eléwu tó pẹ́ jù tí mo bá pàdé nínú ilé yẹn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé lọ́jọ́ náà, ìjọba gan-an ló ni ajá.

Faransé náà kò gbẹ́yìn. Ní ọdún 1803, nígbà tí ọwọ́ ìyà ti tẹ àwọn ṣọ́jà wọn ní ilẹ̀ tó di Haiti, ọ̀gágun wọn, Rochambeau, ra ajá láti Cuba. Àwọn òpìtàn kọ ọ́ pé wọ́n ṣe àfihàn kan fún àwọn ọlọ́lá ìlú, wọ́n so ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú kan mọ́ òpó láàárín agbo, wọ́n tú ajá sí i. Àwọn ajá náà kò fẹ́ ṣe ohunkóhun. Ọ̀gá ológun kan, ẹni tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà jẹ́ ìránṣẹ́ rẹ̀ gan-an, ló bọ́ sí agbo, ó sì fi irin ya ikùn ọmọ yìí kí àwọn ajá tó rí ẹ̀jẹ̀. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí wọ́n sì kó àwọn ajá wọ̀nyí lọ ojú ogun, wọn kò mọ aṣọ ṣọ́jà yàtọ̀, Faransé tó fara gbọgbẹ́ náà ń jẹ nínú eyín wọn. Kí ọdún yẹn tó parí, Faransé ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò.

Ní ọdún 1840, ó kan Amẹ́ríkà. Wọ́n ra ajá Cuba mẹ́tàlélọ́gbọ̀n láti fi lé àwọn Seminole nínú irà Florida. Òórùn àwọn dúdú ni wọ́n fi kọ́ àwọn ajá náà, omi irà sì ń gbé ipasẹ̀ lọ. Wọn kò rí nǹkan kan mú tó tó nǹkan. John Quincy Adams, tó ti ṣe ààrẹ rí tó sì ti padà wá di aṣòfin, fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé: ó ní kí mínísítà ogun wá ṣàlàyé ìtàn ìran àwọn jagunjagun tuntun yìí, kó sì sọ bóyá ó yẹ kí a máa san owó ìfẹ̀yìntì fún wọn àti fún àwọn ọmọ wọn. Mo rò pé kò sí ẹni tó tíì bá ajá wí ju báyìí lọ láìjẹ́ pé ajá ló ń bá wí.

Orúkọ kò kú síbẹ̀. Ní ọdún 1852, Harriet Beecher Stowe gbé ìwé Uncle Tom's Cabin jáde, àwọn eléré orí ìtàgé sì sọ ọ́ di eré tí wọ́n ń gbé káàkiri Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú ìwé, kò sí ajá tó lé Eliza nígbà tó ń gbé ọmọ rẹ̀ sá kọjá lórí odò oníyìnyín. Nínú eré, ajá ńláńlá ló lé e. Àwọn eléré rí i pé ajá ló ń fa èrò, ni wọ́n bá ń kọ ọ́ sára pátákó ìpolówó pé bloodhound tó burú jù lọ ni tiwọn. Gbogbo ajá tó bá ṣáà ti tóbi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù bloodhound wá ń ba èèyàn láti abúlé dé abúlé, bẹ́ẹ̀ sì ni ojúlówó bloodhound ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí etí rẹ̀ ń wọ́lẹ̀, jẹ́jẹ́ ló ń lọ níbi tirẹ̀.

Láti ìgbà náà wá, ìran kan máa ń gba orúkọ burúkú lọ́wọ́ ìran mìíràn bí ẹni ń gba igi eré ìje. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ gbọ́ ohunkóhun tó bá ní "Jámánì" lára, wọ́n yí orúkọ ajá olùṣọ́-àgùntàn Jámánì padà sí Alsatian ní ọdún 1919, wọ́n sì tún fi "ajá ìkookò" lé e. Orúkọ yìí gan-an kó bá ajá náà: ní ọdún 1929, Ọsirélíà ní kí ẹnikẹ́ni má kó o wọ ìlú àwọn mọ́, pé yóò bá ajá igbó àwọn gùn, wọn yóò sì jọ máa pa àgùntàn jẹ. Ó di àwọn ọdún 1970 kí ìlẹ̀kùn yẹn tó ṣí. Bẹ́ẹ̀ Alsatian yìí náà ni wọ́n ti ń kọ́ ní Oldenburg ní Jámánì láti ọdún 1916 pé kó máa fa afọ́jú lọ́wọ́. Òun kan náà ni àwọn ọlọ́pàá Birmingham ní Alabama tú sí àwọn ọmọ dúdú tó ń wọ́de ní oṣù Karùn-ún ọdún 1963, tí fọ́tò rẹ̀ kárí ayé. Ajá kan ṣoṣo yìí ni o. Ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn ní í pọ̀bọ; àwa Yorùbá ti sọ ọ́ tipẹ́, ẹni tó wà lẹ́yìn ajá ni ká wò.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Ìgbà mélòó lẹ ti rí i lára géètì ní Ìkẹjà tàbí ní Bódìjà, "Ẹ ṣọ́ra, ajá wà níbí o", tí ẹ sì kanlẹ̀kùn títí tí ẹ kò gbọ́ gbígbó kankan? Mo mọ bàbá kan tó kọ ọ́ gàdàgbà sára géètì rẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án, adìẹ ló ń sìn. Kò sólè tó dé ibẹ̀ rí. Ohun tí Quarrell lọ rà bọ̀ láti Cuba ni bàbá yìí fi ọ̀dà ọgọ́rùn-ún náírà díẹ̀ rà. Ṣùgbọ́n àwọn olówó ìsinsìnyí kò fẹ́ ọ̀dà, Boerboel ti Gúúsù Áfíríkà àti ajá onírun jọ̀bọ̀tọ̀ ti òkè Caucasus ni wọ́n ń fi owó gidi rà ní Lẹ́kí. Méjèèjì wà lára ìran ajá mẹ́tàlá tí Denmark kà léèwọ̀ ní ọdún 2010. Ajá tó sì ń pa àwọn èèyàn wa ní tòótọ́, kò ní orúkọ kankan: ajá àdúgbò lásán ni, tí kò gba abẹ́rẹ́ rí, tí dìgbòlugi wà lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká padà sí Ìlú Ọba.

Pit bull ni wọ́n sọ̀rọ̀ lé lórí jù lọ. Láyé àtijọ́, eré àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n so akọ màlúù mọ́lẹ̀, kí wọ́n tú ajá sí i. Òfin ọdún 1835 fi òpin sí i. Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀jẹ̀ kò jáwọ́, wọ́n bọ́ sí kọ̀rọ̀, wọ́n ń fi ajá bá ajá jà, nítorí pé ó rọrùn láti fi ajá méjì pamọ́ ju akọ màlúù kan lọ. Láti inú àwọn ajá ìjà wọ̀nyí ni Staffordshire ti Ìlú Ọba ti wá, tí ẹgbẹ́ àwọn olájá gbà wọlé ní ọdún 1935, tó sì di ajá ilé tí àwọn ọmọdé ń gùn ṣeré. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ tó kọjá sí Amẹ́ríkà ló di pit bull.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1991, ajá ya ọmọdébìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan jẹ ní Bradford. Fọ́tò ọgbẹ́ rẹ̀ wà lójú ìwé ìròyìn gbogbo, inú sì bí ará ìlú, ó sì yẹ kó bí wọn. Kenneth Baker ni mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nígbà náà. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí òfin fi jáde tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹjọ. Irú ajá mẹ́rin ló kan: pit bull, Tosa ti Japan, Dogo ti Argentina, àti Fila ti Brazil, èyí tí wọ́n ní wọ́n fi ń lé ẹrú tó bá sá níbẹ̀ náà. Staffordshire kò sí nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kò sí ìwé ìbí tí yóò fi hàn pé pit bull ni ajá kan. "Irú èyí tí a mọ̀ sí pit bull" ni òfin wí. Ọlọ́pàá yóò mú ìwọ̀n jáde, yóò wọn orí, yóò wọn àyà, yóò wo ìrù. Bí wọ́n bá sì ti fẹ̀sùn kan ọ́, ìwọ lo gbọ́dọ̀ fi hàn pé kì í ṣe òun, kì í ṣe pé kí ìjọba fi hàn pé òun ni. Ẹjọ́ wo ni ẹ ti gbọ́ irú ìyẹn rí?

Ní ọdún 1992, ẹnì kan mú abo pit bull kan tó ń jẹ́ Dempsey jáde nírọ̀lẹ́. Ohun ìdínu wà lẹ́nu rẹ̀. Ara ajá náà kò yá, ó fẹ́ bì, ẹni tó mú un jáde sì tú ìdínu náà kí ó má baà fún un pa. Ọlọ́pàá kọjá. Kóòtù dájọ́ pé kí wọ́n pa ajá tí kò bu ẹnikẹ́ni jẹ. Ọ̀rọ̀ náà wà láti kóòtù dé kóòtù fún ọdún mẹ́ta gbáko, títí tí Brigitte Bardot, òṣèré Faransé, fi ní òun yóò gbà á sọ́dọ̀. Ní 1995 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀. Ní 1997, wọ́n tún òfin náà ṣe kí adájọ́ lè dá ẹ̀mí ajá sí bó bá rí i pé kò léwu.

Kí ni àwọn tó fẹ́ ajá abanilẹ́rù wá ṣe? Wọ́n wá ajá mìíràn. Àwọn Amẹ́ríkà ti fi pit bull àti àwọn ìran mìíràn gùn pọ̀, wọ́n ti mú Bully jáde, èyí tó tóbi jù nínú rẹ̀ sì ń jẹ́ XL. Òfin 1991 kò mọ orúkọ yẹn. Nígbà tó di pé ó ń pa èèyàn, Rishi Sunak tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà kéde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 pé yóò kúrò nílẹ̀. Wọ́n tún mú ìwọ̀n jáde: akọ tó bá ga tó ínǹṣì 20 níbi èjìká, abo tó bá ga tó ínǹṣì 19. Èyí tó bá fi díẹ̀ kúrú, kó máa lọ ní tirẹ̀.

Èmi kò sí lára àwọn tó ń sọ pé kò sí ajá tó burú. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ìyá tí ajá pa ọmọ rẹ̀, kó múra láti gba ìgbátí. Ajá tó wúwo bí àgbàlagbà, tó sì bu ni jẹ tí kò jọ̀wọ́ ẹni, kò lè dà bí ajá kékeré inú ilé. Àwọn ẹbí tó ń bẹ ìjọba pé kó ṣe òfin ọdún 2023, ẹjọ́ wọn tọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 1998 sí 2018, nígbà tí òfin 1991 wà lẹ́nu iṣẹ́, iye àgbàlagbà tí wọ́n ń gbé dé ilé ìwòsàn ní England nítorí ajá di ìlọ́po mẹ́ta. Netherlands ka pit bull léèwọ̀ ní 1993, wọ́n ní àwọn kò rí èrè rẹ̀, wọ́n kéde ní 2008 pé àwọn ń fa òfin náà ya. Àwọn ará Denver ní Amẹ́ríkà dìbò ní 2020 láti tú èèwọ̀ tí wọ́n ṣe ní 1989. Òfin ìjọba àpapọ̀ Jámánì ní tirẹ̀ kò yíhùn padà láti ìgbà tí ajá méjì ti pa ọmọdékùnrin kan nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ní Hamburg ní 2000.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé Gẹ̀ẹ́sì ti ní òfin kan láti ọdún 1871. Òfin yẹn kò béèrè ìran ajá, kò wọn orí rẹ̀. Ohun tí ajá bá ṣe ló ń wò: bí ajá yòówù kó jẹ́ bá léwu, adájọ́ lè pàṣẹ fún olówó rẹ̀ pé kó so ó mọ́lẹ̀ dáadáa, tàbí kí wọ́n pa á. Ẹni tó bá ra ajá nítorí kí ẹ̀rù lè máa ba àdúgbò, irú òfin bẹ́ẹ̀ kò ní orúkọ kankan láti tà fún un. Ti 1991 ní. Ọjọ́ tí ìjọba kọ orúkọ mẹ́rin sílẹ̀ pé àwọn wọ̀nyí ló burú jù, ọjọ́ náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wá ajá abanilẹ́rù mọ èyí tí yóò béèrè lọ́jà.

Ajá Cuba tí Quarrell lọ rà ńkọ́? Wọ́n fi òpin sí oko ẹrú ní Cuba ní ọdún 1886. Kò sí aṣòfin tó ka ajá náà léèwọ̀, kò sí ọlọ́pàá tó wọn orí rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ń bọ́ ọ ló tán, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ fún un lóúnjẹ mọ́. Ìran rẹ̀ ti run.